Ẹ Wo Ẹnu Ẹ̀rọ, Ẹ Má Wo Ẹnu Olóṣèlú

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti gbogbo ọmọ Ìdèrè tó ní káàdì ìdìbò lọ́wọ́, ìbò 2027 ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn tó fẹ́ kí á yan àwọn yóò kí Onídèrè láàfin, wọn yóò ná ọjà wa, wọn yóò sì gba gbohùngbohùn. Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yìí ń bẹ̀ yín fún: ọ̀nà tí a gbà ṣẹ́gun sòbìà ni kí á gbà yẹ̀ wọ́n wò.

Àgbà ìlú yìí kò nílò àlàyé lórí sòbìà. Omi adágún là ń pọn nígbà náà, kòkòrò tíntín inú rẹ̀ là ń gbé mì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn tó lè gùn tó mítà kan á dá ẹsẹ̀ lu, á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ kò ní lè dé oko, ọmọ kò ní lè dé ilé ìwé. Bí ẹni tó ń yọ sòbìà bá tún ti ẹsẹ̀ bọ adágún, ó ti pín ti ọdún tó ń bọ̀ fún gbogbo àdúgbò nìyẹn. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí ètò ìlera wọn ti wà ní Igbó-Ọrà láti 1963, kọ̀wé nípa àrùn yìí ní Ìdèrè títí ayé fi gbọ́ orúkọ wa. Irú òkìkí tí kò sí ìlú tó ń tọrọ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ dídùn kò sì wọ́n nígbà náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ọdún 1981 sí 1990 gẹ́gẹ́ bí ọdún mẹ́wàá omi mímu. Nílé níbí, ẹgbẹ́ UPN, tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà wọn ní Ọ̀yọ́, wọlé ní 1979 pẹ̀lú ìlérí mẹ́rin, ìdàgbàsókè ìgbèríko sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ ànfààní rẹ̀, ó yẹ ká kà á fún wọn. Àmọ́ ìjọba náà lọ ní 1983, sòbìà kò lọ. Ológun gorí àlééfà, wọ́n dá àjọ DFRRI sílẹ̀ ní 1986 fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ìgbèríko. Nígbà tí wọ́n wá àrùn náà káàkiri Nàìjíríà láti 1988, àwọn tí sòbìà ń yọ lára wọn lé ní 650,000.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ tó ń jẹra ni nǹkan yí padà. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìdèrè, àwọn ọmọ ìlú tó kọ́ iṣẹ́ ìlera ló ń ta aṣọ asẹ́ omi. Yakubu Gowon, tó ti kúrò lórí oyè olórí orílẹ̀-èdè láti 1975, tí kò sì wá ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà, ló ń ti abúlé dé abúlé tó ń bi àwọn aláṣẹ pé kànga dà. November 2008 ni ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà ní sòbìà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba. Wọ́n wá wò ó fúnra wọn, ó di 2013 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa.

Kí ló dé tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu alága kánsù?

Ọjọ́ ṣíṣí kọ́ ni iṣẹ́. Kànga dẹ̀rọ tí wọ́n fi ìlù ṣí, tí ọwọ́ rẹ̀ kán, tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe, àwòrán lásán ni. Ìrẹsì tí wọ́n pín ní alẹ́ tó ṣáájú ìdìbò náà kì í ṣe iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu tó ṣeé sè ni. Dìbò-kóo-sebẹ̀ kò gbẹ́ kànga rí.

Àwọn kan á ní a ń dá ènìyàn lẹ́bi ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Aṣòfin kì í gbẹ́ kànga. Òfin tó ṣe àti owó tó tọpinpin ni ká bi í. Ṣùgbọ́n alága tó bá ní gómìnà ló gbé owó kánsù pa mọ́ kò rí ibi sá sí bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ bi í pé èló ló dé ìjọba ìbílẹ̀ wa, Ìbàràpá Àárín Gbùngbùn, kí ló sì kàn Ìdèrè.

Nítorí náà, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀: ẹni tó ṣèlérí, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó dárúkọ. Kí ọ̀dọ́ kan lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n kà á sókè ní ìpàdé ìlú lójú ẹni náà àti lójú alátakò rẹ̀, tí òun náà ní ojú ìwé tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tó sún mọ́ ilé yín. Ẹ kọ ọ́ kí òjò tó dé, torí bí omi òjò bá ti kún agbada, kò sẹ́ni tó máa rántí bi ẹnikẹ́ni.