Ẹni tí kò gba òrìṣà gbọ́ kọ́ ni ọ̀tá wa



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà bi mí léèrè ọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Mọ̀nàmọ́ná tí ẹ ń pè ní ti Ṣàngó yìí, irú iná tí èmi ń so wáyà rẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Kò sí òrìṣà kankan nínú rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé Ọlọ́run wà." Mo dá a lóhùn pé òótọ́ ló sọ nípa iná. Èdè wa gan-an kò jiyàn rẹ̀: iná mọ̀nàmọ́ná ni Yorùbá ń pe iná ìjọba. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ni wọ́n gbé síwájú ilé-iṣẹ́ iná ní Marina, l'Ékòó, kò sì sí ẹni tó rò pé ère náà ló ń fún ìlú níná. Onímọ̀ ń ṣàlàyé bí àrá ṣe ń sán. Oníṣàngó ń wá bí ènìyàn ṣe máa gbé ayé lábẹ́ agbára tó jù ú lọ, tí kò ní purọ́, tí kò ní jalè. Èmi gbà pé Ṣàngó wà lẹ́yìn iná náà. Òun kò gbà. Ibẹ̀ la fi í sí, a sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó jókòó tì wá ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí ó tètè tọrọ àforíjì kí àrá má baà sán pa á. Ẹlòmíràn ní, "Bó bá jẹ́ Òkè Ọya lo ti sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n lò bá sùn." Gbólóhùn kejì yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò, torí ó kàn àwa oníṣẹ̀ṣe ju bí a ti rò lọ.

Ọ̀rọ̀ Mubarak Bala ló ní lọ́kàn. Inú ẹ̀sìn Mùsùlùmí ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí, ó fi í sílẹ̀, ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ Humanist ní Nàìjíríà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó gbà pé ènìyàn lè hùwà rere láìfi ti Ọlọ́run ṣe. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá mú un ní Kàdúná nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ gíga Kánò rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24, lẹ́yìn tó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn 18. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024, ó sì gba òmìnira ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Àwọn kan nínú wa ní ó tọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2023, wọ́n mú oníṣẹ̀ṣe kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tani Ọlọ́hun ní Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ sí àwọn àáfáà. Ọ̀pọ̀ oṣù ló lò ní àhámọ́. Ẹni tó ní òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, àti ẹni tó ní òrìṣà lòun ń bọ, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì bá ara wọn nínú àbà kan náà.

Òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ méjì. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù lómìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn. Abala 204 nínú Criminal Code, tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó amúnisìn, sì ní ẹni tó bá ṣe ohun tó jẹ́ ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn àwọn kan lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Ta ni yóò sọ ohun tó jẹ́ ìwọ̀sí? Ẹni tó pọ̀ jù ní ìlú ni. Níbo la sì ti pọ̀ jù lónìí, àwa tí wọ́n ń pe ohun mímọ́ wa ní ère àti èṣù láti orí pẹpẹ dé orí rédíò?

Nínú ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, a ti gbé pẹ̀lú ẹni tí kò gbà. Tai Ṣólàárín ti Ìkẹ́nnẹ́ kò fi bò rí pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó fi ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ó sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, láìsí àdúrà òwúrọ̀. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ló ń kó ọmọ wọn lọ bá a. Ìjọba ológun tì í mọ́lé ní 1984, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣèlú ló fà á. Wọ́lé Ṣóyínká, tó fi Ògún ṣe òrìṣà iṣẹ́ ọnà rẹ̀, ni àwọn Humanist àgbáyé fún ní àmì-ẹ̀yẹ ní 2014. Òun ló kọ̀wé ìtùnú sí Bala nígbà tó pé 100 ọjọ́ ní àtìmọ́lé. Òun náà ló kọ̀wé sí Ẹ́míà Ìlọrin ní 2023, nígbà tí wọ́n ní kí oníṣẹ̀ṣe má ṣọdún ní ìlú náà. Ó mọ̀ pé ẹjọ́ kan náà ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìbéèrè wọn máa dẹ́rù bà wá. Ẹni tó wá dáfá kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Ó ń sọ ọ́ sórí owó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni. Babaláwo a da ọ̀pẹ̀lẹ̀, a ki ẹsẹ Odù tó yọ nínú 256, ẹni tó wá ni yóò sì sọ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Ẹni tí kò gbà á ní, "Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló yàn án?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, kì í ṣe èébú. Ìmọ̀ la fi ń dá a lóhùn. Babaláwo tó bá fi èpè fèsì, ó ti jẹ́wọ́ pé ìdáhùn tán lẹ́nu òun.

Ọ̀tà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, ìlú tí orúkọ àwọn ìyá wa tí a kì í dédé dá gbajúmọ̀ sí. Níbẹ̀ náà ni ilé ìjọsìn Faith Tabernacle wà láti 1999, èyí tó gba 50,000 ènìyàn, tí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń kọjá lọ sí ilé-iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbà pé àwọn ìyá ní agbára, ó sì ń fi ijó àti orin tù wọ́n. Kì í na ìyá arúgbó kankan. Leo Igwe kò gbà pé àjẹ́ wà rárá, síbẹ̀ ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2020 láti máa gbèjà àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Ọ̀nà méjèèjì jìnnà síra, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó kan náà ni wọ́n jọ já sí. Ẹni tó ń lé e kiri pẹ̀lú òkúta ló yẹ kí òfin mú, yálà ó ń pe Jésù, Ọlọ́hun tàbí òrìṣà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe láti 2023, a sì dúpẹ́. Ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, tí í ṣe ọjọ́ wa, ni wọ́n bí Tai Ṣólàárín ní 1922. Bí a bá tún jáde lọ́jọ́ náà, tí a ń béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí a bọ ohun tí a fẹ́ bọ, ẹ jẹ́ kí a béèrè pẹ̀lú fún ẹni tí kò fẹ́ bọ nǹkan kan. Kí abala 204 kúrò nínú òfin. Orí tó yan tirẹ̀ lọ́run, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ láyé.

Ire o.