Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Múra fún Iṣẹ́ Ọjọ́ Ọ̀la?

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ jẹ iyán iṣu tuntun ní oṣù Ògún kì í dúró di oṣù Agẹmọ kí ó tó kọ ebè. Ọmọ Èkìtì mọ èyí kí ó tó mọ ìwé kà. Síbẹ̀, bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a ó fi gbogbo ọjọ́ ayé wa ṣe, púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi í sílẹ̀ títí ìdánwò àṣekágbá yóò fi kan ilẹ̀kùn. Àwọn òbí mìíràn náà a ní, “Kọ́kọ́ yege ná, iṣẹ́ kò ní í ṣàì sí.” Ní tèmi, n kò fara mọ́ èrò yìí. Èrò mi ni pé láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ kíláàsì kìn-ín-ní ni ó ti yẹ kí ó máa gbèrò iṣẹ́ tí yóò ṣe, kí ó sì máa yẹ èrò náà wò lọ́dọọdún títí yóò fi jáde.

Ìdí kìn-ín-ní tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ètò ẹ̀kọ́ wa kì í dúró de ẹni tí ó ń sùn. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4 ní ọdún 1982, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ọmọ fi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì tọ́ oríṣìíríṣìí ẹ̀kọ́ wò, ti ìwé àti ti ọwọ́, kí ó lè mọ èyí tí ó bá a lára mu kí ó tó wọ ọdún mẹ́ta ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń pínyà: àwọn kan a lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, àwọn kan a lọ sí ẹ̀ka áàtì, àwọn kan a sì lọ sí ẹ̀ka ìṣòwò. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá jù sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ṣòro kí ó tó tún rí i gbé. Nígbà tí ó bá di ìdánwò JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré ni a ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan nínú wọn. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì gbọ́dọ̀ fi Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì kún un. Ẹni tí ó fẹ́ di lọ́yà kò gbọ́dọ̀ sá fún Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èsì ìdánwò lè dára títí, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀kọ́ tí a béèrè, kò ní í ṣílẹ̀kùn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó là mí lójú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wí pé nọ́ọ̀sì ni àwọn yóò ṣe, nítorí pé wọ́n rí bí àwọn nọ́ọ̀sì ti tọ́jú ìyá wa nígbà àìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé oríta tí mo wí yìí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjèèjì lọ sí ẹ̀ka áàtì, àwọn náà sì bá wọn lọ. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè pé, “Ṣé ibi tí ò ń lọ nìyí?” Wọ́n ṣe dáadáa nínú ìdánwò àṣekágbá; gbogbo ilé ni ó yọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì wo èsì wọn, tí ó sì dá a padà pé, “Níbo ni Kẹ́mísírì wà?” Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi padà kọ́ ohun tí àwọn àbúrò wọn ti mọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n fi ń bá ìyá wa ta gààrí, alẹ́ ni wọ́n fi ń kàwé. Wọ́n wọlé níkẹyìn, ṣùgbọ́n owó tí bàbá wa ti fi pamọ́ fún ẹ̀kọ́ tèmi bá owó ìdánwò wọn lọ. Àṣìṣe ọ̀sán ọjọ́ kan ni gbogbo ilé san gbèsè rẹ̀.

Ìdí kejì ni pé àwọn iṣẹ́ tí a mọ̀ kò pọ̀. Bí a bá bi àwọn ọmọ kíláàsì kan léèrè, dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà ni a ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá wà láàrin wa níhìn-ín ní Ìdó-Èkìtì, èyí tí ó bọ́ sọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ní ọdún 1998, tí wọ́n sì gbé ga di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní ọdún 2014. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo inú rẹ̀ yóò rí i pé dókítà nìkan kò lè dá a ṣe. Àwọn kan ń po oògùn, àwọn kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun, àwọn kan ń ṣírò owó, àwọn kan sì ń tún iná àti ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀. Ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní ọdún 2011, ẹ̀ka wà ní Ìkọ̀lé tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀rìn-Èkìtì tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olubummo ní ọdún 1923. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wa ń sá fún ni ó kọ́, tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1955, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà, báwo ni yóò ṣe yàn án?

Àwọn kan yóò sọ pé ọkàn ọmọdé kì í dúró lójú kan. Ohun tí ó wù ú lónìí lè sú u lọ́la. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí ọmọ ọdún mọ́kànlá búra pé òun kò ní í yí padà. Ẹni tí ó bá ti Ìdó rin dé Ìfàkì lè yà sí Ọyẹ́, ó sì lè yà sí Adó. Ẹni tí kò kúrò nílé ni kò ní ibi tí yóò yà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò gbè sẹ́yìn àwọn òbí tí ń fi dandan lé e pé dókítà ni ọmọ àwọn yóò ṣe, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń ba ọmọ náà lẹ́rù. Ti òbí ni ìmọ̀ràn. Ọmọ ni yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Kí ni ètò lè ṣe fún ọmọ tálákà?” Mo gbà pé ètò kì í san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo Olóyè Afẹ Babalọlá, tí wọ́n bí ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1929. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó lọ mọ. Kò láǹfààní àtilọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé ni ó ti ń dá kàwé, tí ó ń ti orí ìdánwò kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àti nínú ìmọ̀ òfin, tí ó sì di lọ́yà ní ọdún 1963. Ní ọdún 2009, ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó. Gbogbo wa kọ́ ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ olówó lè ṣe àṣìṣe kí wọ́n bá a fi owó tún un ṣe. Ọmọ tálákà kò ní owó àṣìṣe. Nítorí náà, òun gan-an ni ètò kàn jù.

Kí wá ni ṣíṣe? Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ẹ̀kọ́ tí ó mọ̀ jù àti iṣẹ́ tí ó wù ú sí. Bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, kí ó tọ ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀kọ́ wo ni ẹ ṣe kí ẹ tó dé ibí? Kí ni ó nira nínú iṣẹ́ yín?” Kí ó tó yan ẹ̀ka ní SS 1, ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ni kí ó wò, kí ó má ṣe wo ojú ọ̀rẹ́. Ní SS 2, kí ó ní iṣẹ́ kejì lọ́kàn, bí ti àkọ́kọ́ kò bá bọ́ sí i. Àwọn ilé-ìwé náà ní iṣẹ́ tiwọn: kí olùkọ́ àti òbí jókòó pọ̀ kí ọmọ tó ju ẹ̀kọ́ kankan sílẹ̀.

Ní ìparí, ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wo iwájú kí ó tó yan ẹ̀kọ́ ni yóò lè lo èsì ìdánwò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti di nọ́ọ̀sì nísinsìnyí. Nígbà tí ó kan èmi láti yan ẹ̀ka, àwọn ni wọ́n jókòó tì mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Mo rọ gbogbo ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ má ṣe dúró de ẹni tí yóò bi yín: ẹ bi ara yín, kí ẹ sì tètè bi í.