Ọ̀mì pẹ̀lú Lesotho: Bí àmì ṣe ń jò lọ́wọ́ Super Eagles

Níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, àríyànjiyàn kì í tán láàárín àwọn tó ń ka àkọlé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkigbà tí àjọ FIFA bá gbé àtẹ ipò àwọn orílẹ̀-èdè jáde. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ wọn lójú ni bí ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò nà ṣe tún lè já wálẹ̀.

Láti ọdún 2018 ni FIFA ti ń lo ìṣirò tuntun. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi àmì ikọ̀ méjèèjì wéra, láti mọ ohun tó yẹ kí alágbára fi ojú ọ̀lẹ rí. Ikọ̀ tó bá ṣe ju bí wọ́n ṣe retí lọ ni wọ́n ń fún ní àmì. Èyí tí kò bá ṣe tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ lára tirẹ̀. Irú ètò yìí ni wọ́n ń lò nínú rọ́gíbì láti ọdún 2003.

Ká ní Nàìjíríà fi 600 àmì ju ikọ̀ kan lọ nínú ìdíje ìpegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Bí wọ́n bá borí, àmì méjì lé díẹ̀ péré ni wọn yóò rí. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, nǹkan bí àmì mẹ́wàá ló lọ yẹn. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ó lé ní 22. Nítorí náà, nígbà tí Super Eagles ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Lesotho ní Uyo ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí wọ́n tún ta irú rẹ̀ pẹ̀lú Zimbabwe lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àmì ń jò, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ nà wọ́n.

Ìdíje kò sì rí bákan náà. Eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tó bọ́ sí àsìkò tí FIFA kò yà sọ́tọ̀, 5 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ti ìpegedé jẹ́ 25. Ti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé láti ìpele ikọ̀ mẹ́jọ jẹ́ 60. Ìdí nìyí tí AFCON fi gbé Nàìjíríà láti ipò 42 sí 28 ní oṣù kejì ọdún 2024, bí Ivory Coast tilẹ̀ fi 2-1 nà wọ́n ní àṣekágbá. FIFA kì í yọ àmì ẹni tó bá fìdí rẹmi ní ìpele ẹni-pàdánù-ń-lọ-ilé nínú irú ìdíje ńlá bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà tó rántí oṣù kẹrin ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà wà ní ipò karùn-ún lágbàáyé, lè rò pé ọ̀rọ̀ iyì lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ipò yìí ni wọ́n fi pín ikọ̀ mẹ́rin tó ṣe ipò kejì tó dára jù nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà tí ipò rẹ̀ ga jù nínú wọn ló bá Gabon tí tirẹ̀ rẹlẹ̀ jù pàdé, ó sì fi 4-1 nà án. Cameroon ní tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ DR Congo.

Àmọ́ ipò kì í báni gbá pẹnárítì. DR Congo fi 4-3 lé Nàìjíríà kúrò lójú ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ ọdún 2026 lẹ́yìn ọ̀mì 1-1. Ọ̀mì náà ni FIFA kà á sí fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nítorí pé ikọ̀ tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ sí tiwọn ni wọ́n bá ta á, àmì tún jò.