Ajá Wo Ló Yẹ Òṣìṣẹ́ Tí Kì Í Gbélé?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn kò lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kútọnu kó tún máa bu omi fún ajá ní Àjàṣẹ́. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí kìlómítà 30. Ẹni tó bá jáde ní ìdájí, alẹ́ ni yóò wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wá ajá tí yóò ṣọ́ ilé, a rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fi ọmọ ajá bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ń fẹ́ lóòjọ́, kò sì lè mú ìtọ̀ mọ́ra pẹ́. Bí a bá so ó mọ́lẹ̀ ní òun nìkan, yóò máa ké, yóò máa jẹ okùn. Àwọn aládùúgbò a pè é ní olóríkunkun, bẹ́ẹ̀ ìdánìkanwà ni ó ń dà á láàmú.

Àgbà ajá tó ti ju ọdún 2 lọ, tí a ti mọ ìwà rẹ̀, ni ó yẹ yín. Òwúrọ̀ àti alẹ́ ni yóò jẹun. Ẹ yan ajá ìbílẹ̀ wa onírun kúkúrú, nítorí ooru a máa ni ajá Jámánì tí irun rẹ̀ ki lára. Ẹ máa mú un lọ gba abẹ́rẹ́ ìdènà dìgbòlugi lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú un wálé, ẹ wá ẹni tí yóò bomi fún un, tí yóò sì tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú agboolé yín, ẹ jẹ́ kí ajá náà dúró sí ilé tí ó wà.