Onítìjú Kì Í Ṣe Agbéraga



Bí ìka ọwọ́ kò ṣe dọ́gba ni ìwà wa kò dọ́gba. Ọlọ́hun dá ẹnì kan ní ọlọ́yàyà. Bí ó bá ti wọ mọ́ṣáláṣí, gbogbo jamọ́ọ̀ ti mọ̀ pé ó dé. Ó dá ẹlòmíràn ní onítìjú. Bí a bá ti kírun tán, bàtà rẹ̀ ló ń wá. Ojú agbéraga ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo ẹni kejì yìí. Lójú tiwa, èyí kò dára, ó sì lè ṣàkóbá fún ìlera.

Ní ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sheldon Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde. Èèyàn 276 tí ara wọn le ló yọ̀ǹda kí wọ́n kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí àwọn nímú. Wọ́n ka oríṣiríṣi àjọṣe tí oníkálukú ní: ọkọ tàbí aya, òbí, ọmọ, aládùúgbò, ará ibi iṣẹ́, ẹlẹ́sìn ẹgbẹ́ ẹni. Ewu ọ̀fìnkìn fún àwọn tí tiwọn kò ju mẹ́ta lọ ju ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tí tiwọn tó mẹ́fà. Lóòótọ́, ọ̀fìnkìn mú àwọn tí kì í fẹ́ràn èrò jù, ṣùgbọ́n ìwà yìí nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé àjọṣe ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ariwo ẹnu. Onítìjú lè ní mẹ́fà. Ta ni kò mọ ìtìjú Sàyìdínà Úsúmáánù? Síbẹ̀ oníṣòwò ni, òun ló sì ra kànga Rúmà fún àwọn Mùsùlùmí Mẹ̀dínà.

Àwa tí a ń ta oògùn mọ ewu tó wà níbẹ̀. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́yàyà bá tán, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Onítìjú á dákẹ́, ẹní bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí kò bá sí ẹni tí ń bi í léèrè, ọjọ́ tí ó bá ṣubú ni a óò tó mọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ṣe ẹlẹ́yà níwájú àlejò. Ẹ̀yin aṣíwájú Aṣálátù, ẹ má ṣe fi gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́ tipátipá. Ẹ fún un ní iṣẹ́: kí ó máa pọn omi sínú kẹ́tùrù àlùwàlá, kí òun àti ẹnì kan jọ máa tẹ́ ẹní. Bí ọwọ́ bá jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ á wá fúnra rẹ̀.

Ìwọ onítìjú náà, má ṣe sá. Dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, jẹ́ sálámà tí wọ́n bá kí ọ, kí o sì jẹ́ kí ẹnì kan mọ oògùn tí ò ń lò. Bí ọ̀fìnkìn bá sì ń ṣe wá, ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu kí ara wa láì bọ ọwọ́.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a pàdánù ara wa nínú ìdákẹ́jẹ́. Àmín.