Omi Ìkèrè Wà Nílẹ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Gbà Á Wọ Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn lápapọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn tún ń bọ̀. Kò ní pẹ́ tí ọyẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ẹni tí kò ní àkùrọ̀ yóò gbé ọkọ́ kọ́, tí yóò máa wo ojú ọ̀run.

Bẹ́ẹ̀ omi ò jìnnà sí wa. Láyé ìjọba Shehu Shagari ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù Ìkèrè Gorge lórí odò Ògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Wọ́n ṣe é kó lè gba mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà omi, wọ́n sì ní yóò máa bomi rin hẹ́kítà 12,000. Ó ti lé lógójì ọdún. Omi tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn ògiri, àgbẹ̀ ṣì ń retí òjò.

Ẹ wo ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́tí odò. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti ń pọnmi, kẹ́ẹ̀nì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì, ó ń wọ́n ọn sórí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Kó tó dé bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn, ti àkọ́kọ́ ti gbẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o ra ẹ̀rọ ìfami, ó da bẹntiróòlù sí i, ó sì fa odò náà títí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò fi rí nǹkan kan bù. Ìjà dé nìyẹn. Mi ò dá oníẹ̀rọ lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í pé báyìí ni ká ṣe é.

Ìjókòó yẹn ni mo ń pè yín sí. Kí gbogbo àwa tí à ń lo odò kan náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti àwọn darandaran tí màlúù wọn ń mu omi níbẹ̀, àti àwọn obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́, kí wọ́n wà nípò àṣẹ, kì í ṣe nídìí ìkòkò oúnjẹ ìpàdé nìkan. Ká pín ọjọ́ tí tòkè yóò fa omi àti ọjọ́ ti ìsàlẹ̀. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ la ó máa bomi rin, torí oòrùn ọ̀sán ń fa omi náà lọ kó tó dé gbòǹgbò. Ká fi koríko gbígbẹ bo ìdí tòmátì àti ata. Kí ẹnikẹ́ni má fọ ẹ̀rọ ìfínko sínú odò. Àwọn ọmọ wa ń mu ún. Igi etí odò ńkọ́? Ẹni tó bá gé e ń ti ẹrẹ̀ wọ dáàmù ni, bí ẹrẹ̀ bá sì ṣe ń kún un ni ààyè omi ń dín kù.

Lẹ́yìn èyí ni ká tó kọjú sí ìjọba. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀, Abẹ́òkúta ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ẹnì kan bá lọ síbẹ̀, wọ́n lè ní kó padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá gbé ìwé lọ, tí orúkọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye éékà rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ gbìn wà nínú rẹ̀, ó ṣòro láti lé e padà. Ká béèrè abúlé tí ojú ọ̀nà omi yóò kọ́kọ́ dé, àti oṣù tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Kí oṣù Ọ̀wàrà tó parí, kí ìwé yẹn ti dé Abẹ́òkúta, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ aṣòfin wa l'Ábújá.