Bàbá tó mọ ojúṣe rẹ̀: ẹja ni!

"Ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tí kò dáa ni ti ìyá." Láti Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ títí dé ọjà Jagun l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ìyá ọlọ́jà wo ni wọn ò tíì sọ ọ́ sí rí? Owó ilé ìwé ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, owó ọbẹ̀ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, baálé ilé ń ta ayò lábẹ́ igi. Ó dáa. Ẹ pe irú baálé bẹ́ẹ̀ kó wá gbọ́ ìròyìn ẹja kékeré kan.

Òkun Pupa ni ẹja náà ń gbé, òkun tó wà létí Jẹ́dà, níbi tí àwọn Alhája wa ti ń sọ̀kalẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ Mẹ́kà. Lábẹ́ omi níbẹ̀, iyùn ló hù bí igbó. Iyùn yìí kì í ṣe òkúta lásán o! Ìbátan èyí tí ọba ń fi sọ́rùn ni. Ẹranko tíńtìntín ló ń kọ́ ọ, bí ikán ṣe ń mọ ilé rẹ̀. Àwọn ará Jẹ́dà àtijọ́ a sì máa gé e fi kọ́lé.

Ẹja ọ̀hún kò gùn ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ìlà funfun méjì sì wà lára rẹ̀. Inú ẹranko kan tó rí bí òdòdó, tó ń ta bí èsìsì, ló fi ṣe ilé. Kì í ta òun.

Ìyá ló tóbi jù. Bó bá ti yé ẹyin ọgọ́rọ̀ọ̀rún sára òkúta ẹ̀gbẹ́ ilé, ó di ọwọ́ bàbá. Bàbá á máa fi lẹbẹ fẹ́ wọn, kí afẹ́fẹ́ inú omi lè tó wọn. Á fi ẹnu ṣa èyí tó bà jẹ́ kúrò. Bí ẹja tó jù ú lọ bá yọjú, á lé e. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pa, kò sì ní òun ń re ìpàdé ẹgbẹ́.

Èyí tó yani lẹ́nu jù rèé: bí ìyá bá kú, bàbá á di ìyá! Ara rẹ̀ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, akọ mìíràn á sì di bàbá. Ní tiwa ńkọ́? Bí ìyá bá fi làálàá wó lulẹ̀ nídìí àtẹ, ta ni yóò di ìyá fún àwọn ọmọ?

Ẹ̀yin bàbá, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ yé ẹyin. Kẹ́ ẹ bá wọn fẹ́ ẹ ni. Owó ìwé, ẹ san níbẹ̀. Ọmọ ń sunkún, ẹ gbé e pọ̀n díẹ̀. Bó bá wá dáa lọ́la, ẹ ó lè pè é ní ọmọ yín láìtijú.